Bí Bàbá Mi Ṣe Fi Àǹtí Mi Sílẹ̀ ní Téṣàn

Ọdún márùndínlógójì ni bàbá mi fi ṣiṣẹ́ rélùwéè nílẹ̀ wa. Ẹni tí ń já tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọlé. Ọ̀gá téṣàn ni wọ́n nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ohun mẹ́ta ni wọ́n gbé bọ̀ láti ẹnu iṣẹ́ náà: aago àpò kan tí kì í parọ́, fèrè onírin kan tí ohùn rẹ̀ lè jí ẹni tó ti kú lọ́jọ́ mẹ́ta, àti ìgbàgbọ́ tó dájú pé gbogbo ènìyàn tó wà láyé, yàtọ̀ sí àwọn, ló máa ń pẹ́.

Ìyá mi ṣaláìsí, ilé sì dákẹ́ jù fún bàbá mi. Àwa ọmọ pinnu pé kí wọ́n wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ mi ní Houston. Àárín àwọn ọdún 1980 ni. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ọsibítù kan. Ọkọ mi, ẹnjiníà, ń ṣiṣẹ́ ní Energy Corridor, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ epo, níbi tí owó epo tó wálẹ̀ ti mú kí àwọn iléeṣẹ́ máa gbá òṣìṣẹ́ dànù bí ẹni ń gbálẹ̀ àárọ̀. Cypress, lẹ́yìn odi Houston, la ń gbé, nígbà tí pápá màlúù ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé, bàbá mi wọ aṣọ tó dára, wọ́n jáde láti lọ kí àwọn aládùúgbò. Wọ́n rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin rẹ̀ nínú oòrùn oṣù kẹfà. Ẹ̀dá alààyè méjì péré ni wọ́n pàdé: ajá kan, àti ọlọ́pàá kan tó dá mọ́tò dúró láti bi wọ́n bóyá wọ́n ṣìnà ni. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá wọn ní pálọ̀, wọ́n tẹjú mọ́ mi.

“Ṣé àwọn ará ìlú yìí ti kú tán ni?”

“Wọ́n wà nínú mọ́tò, Bàbá.”

“Kí ni wọ́n wá ń kọ́ ilé fún?”

Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, wọ́n ti sọ ilé wa di téṣàn. Aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, fèrè á dún: kí ọkọ mi dìde. Aago mẹ́fà, fèrè á tún dún: kí ó kúrò ní bálùwẹ̀. Tó bá di aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, fèrè gígùn kan, ìyẹn ni pé kí mọ́tò gbéra. Ajá tí wọ́n pàdé lọ́jọ́ sí, tó jẹ́ ti òyìnbó tó kángun sí wa, bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wá sẹ́nu ọ̀nà wa nígbàkígbà tí fèrè bá dún. Bàbá mi á fún un ní eegun, wọ́n á ní òun nìkan ni èrò tó mọ àkókò ní gbogbo Cypress.

Ọkọ mi kọ́kọ́ kùn. Nígbà tó yá, ó ṣíwọ́ kíkùn. Ó ń débi iṣẹ́ ṣáájú ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn, ọ̀gá rẹ̀ sì rò pé ìtara iṣẹ́ ló ń dà á láàmú. Wọ́n dá ènìyàn mẹ́jọ dúró ní ọ́fíìsì wọn lóṣù yẹn, wọn ò fọwọ́ kan ọkọ mi. Láti ọjọ́ náà, bí fèrè bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa lọ kan ilẹ̀kùn bàbá mi: “Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?”

Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń gbé ní Rosenberg, ìlú kékeré kan nítòsí Houston, ló wá sọ fún bàbá mi pé ọkọ̀ ojú irin ń kọjá nítòsí ilé òun tọ̀sán-tòru. Ó parí! Gbogbo Sátidé ni mo ń fi mọ́tò gbé wọn lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àga tí a lè ká, ìgò omi àti agbòòrùn. Bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀, bàbá mi á dìde dúró, wọ́n á máa ka àwọn àpótí ẹrù tó ń fà. Lọ́jọ́ kan wọ́n ka ọgọ́fà ó lé mẹ́rin. Mo rò pé inú wọn yóò dùn.

“Kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀,” wọ́n sọ, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. “Irú ìlú wo nìyí, tí ẹrù ń wọ ọkọ̀ ojú irin, tí ènìyàn ń jókòó sínú oòrùn ń wò ó?”

Bí oṣù mẹ́ta náà ṣe ń lọ sópin, wọ́n pè mí jókòó.

“Mo fẹ́ gba Yúróòpù lọ sílé.”

“Kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀, Bàbá?”

“Ọmọ àǹtí ẹ fẹ́yàwó ní Jámánì, ó ti pé ọdún mẹ́rin. Kò sí àgbà kankan nínú ẹbí wa tó tíì lọ kí òbí ọmọ náà. Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mo ti rí ìwé kan lábẹ́ ìrọ̀rí: ìwé àkókò ọkọ̀ ojú irin gbogbo Yúróòpù, tí wọ́n ti fi bírò pupa fàlà sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò mọ ibi tí wọ́n ti rí i títí di òní.

Mo ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ní èmi yóò sìn wọ́n. Ẹ má rò pé oore ni mo ń ṣe. Láti ọdún mẹ́jọ tí mo ti wà ní Amẹ́ríkà, n kò tíì tẹ ilẹ̀ Paris, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì fojú kan Rome. Mo ṣírò ọjọ́ náà dáadáa: ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àwọn àna, kí ìyókù jẹ́ tèmi. Mo ra bàtà tuntun àti fíìmù kámẹ́rà mẹ́fà.

Àǹtí mi yìí ni àbúrò bàbá mi obìnrin. Wọ́n ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Àǹtí mi kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Títún ènìyàn ṣe ni iṣẹ́ wọn. Kí n tó gbé báàgì kalẹ̀, wọ́n ti tún bí mo ṣe ń pe omi ní Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Wọ́n wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n wọn.

“Bọ̀dá mi, wọn kì í kí ẹni tí wọn ò mọ̀ nínú bọ́ọ̀sì níbí.”

“Bọ̀dá mi, ṣúgà mẹ́rin nínú ife kan! Ojú ń tì mí.”

“Bọ̀dá mi, ẹ rọra rẹ́rìn-ín.”

Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá mi fi ju àǹtí mi lọ. Ẹ̀yìn bàbá mi ni àǹtí mi gbé dàgbà. Bàbá mi fi ṣúgà méjì mu tíì, wọn ò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, mo rí i tí wọ́n yọ fèrè lápò, wọ́n fi aṣọ nù ún títí ó fi ń dán, wọ́n sì dá a padà. Ó yẹ kí n ti fura.

Àǹtí mi yóò bá wa lọ sí Jámánì, torí ọmọ wọn ni ọkọ ìyàwó. Ní Dover, kí a tó wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n na ọwọ́ sí wa.

“Ẹ mú pasipọ́ọ̀tù yín wá. Àti tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ ti Amẹ́ríkà bọ̀, mọ́tò nìkan lẹ mọ̀. Ní Yúróòpù, wọ́n lè jí ahọ́n mọ́ ènìyàn lẹ́nu.”

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì dúdú ńlá tó máa ń wà ní apá wọn.

Láti Ostend dé Brussels, láti Brussels dé Cologne, bàbá mi ò fi ìdí kan àga. Wọ́n dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú aago lọ́wọ́ kan, ìwé àkókò lọ́wọ́ kejì. “Wọ́n fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́,” wọ́n á sọ fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn: “Wò ó, wọ́n ti lé e bá!” Inú wọn dùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba ipò kìíní. Mo ka iye ìgbà tí àǹtí mi sọ pé, “Bọ̀dá mi, ẹ jókòó, àwọn ènìyàn ń wò wá.” Ìgbà mọ́kàndínlógún ni.

Ní Cologne, a bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré kan tí yóò gbé wa dé ìlú àwọn àna wa. Ó gba àárín oko kọjá, ó sì dúró ní téṣàn kóńkóló kan tó ní òdòdó lójú fèrèsé. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà náà, téṣàn nìkan ló ti pín sí méjì, nítorí náà a ní láti dúró kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú kọjá. Ẹnì kan ń ta kọfí nínú ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ téṣàn. Àǹtí mi ní òùngbẹ ń gbẹ àwọn.

“Ìṣẹ́jú méje ni wọ́n kọ síbí,” bàbá mi sọ fún wọn. “Ó ti lo méjì.”

“Bọ̀dá mi, ọkọ̀ kì í fi ènìyàn sílẹ̀ ní Yúróòpù. Wọ́n ní làákàyè.”

Àǹtí mi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì wọn. Bàbá mi náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ na ẹsẹ̀. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ lẹ́yìn, nínú kóòtù dúdú àti fìlà dúdú tí àǹtí mi fúnra wọn rà fún wọn nítorí òtútù. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé àwọn ló ni téṣàn.

Ọkọ̀ kejì kọjá lọ fìì. Bàbá mi wo aago. Wọ́n wo ìsọ̀ kọfí, níbi tí àǹtí mi ti na ìka, tí wọ́n ń fi bí wọ́n ṣe ń po kọfí han ẹni tó ń tà á. Bàbá mi tún wo aago. Wọ́n wá yíjú sí mi, mo sì rí ohun kan nínú ojú wọn tí n kò rí níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Wọ́n ṣẹ́jú sí mi. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn ọkọ̀, wọ́n ti fèrè bọ ẹnu, wọ́n fọn ọ́n: fèrè gígùn kan ṣoṣo, irú èyí tó ń mú kí mọ́tò ọkọ mi gbéra.

Bàbá mi wọlé. Ilẹ̀kùn pa dé. Ọkọ̀ gbéra.

N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé fèrè bàbá mi ló gbé ọkọ̀ náà. Ìṣẹ́jú méje ti pé. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo rí àǹtí mi bí wọ́n ṣe yíjú padà, ife kọfí kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ẹnu wọn là sílẹ̀, wọn ò sì rí nǹkankan tún ṣe.

“Bàbá! Àǹtí lẹ fi sílẹ̀ yẹn!”

“Àkókò tó.” Wọ́n jókòó, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ostend, wọ́n na ẹsẹ̀. “Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ ní ogójì ìṣẹ́jú. Mo ti wò ó. Jẹ́ kí àwa náà gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń dún.”

“Pasipọ́ọ̀tù wa ńkọ́, Bàbá? Tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́?”

Ẹ̀rín kú lójú wọn. Kí a tó rí nǹkan sọ, ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ti wọlé, ọkùnrin kan tí irun ètè rẹ̀ funfun bí òwú. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ló gbọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé tíkẹ́ẹ̀tì wa wà nínú báàgì àǹtí mi, àǹtí mi sì wà ní téṣàn tí a ti kúrò. Ó fi ọwọ́ pa irun ètè rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ fèrè kan níbẹ̀ tó ya òun lẹ́nu, torí kò jọ ti ọ̀gá téṣàn náà.

“Èmi náà gbọ́ ọ,” ni bàbá mi dá a lóhùn, láìmira. “Ẹni tó fọn ọ́n mọ iṣẹ́.”

Wọ́n wá fa káàdì ìfẹ̀yìntì rélùwéè wọn yọ. Ojú ọkùnrin náà tàn bí iná. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó jókòó tì wọ́n. Ó ní ìtìjú gbáà ni fún iṣẹ́ àwọn pé ọkọ̀ fi àbúrò irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì. Mo ń retí kí bàbá mi jẹ́wọ́. Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ bí ọba tí wọ́n wá bẹ̀.

“Ó máa ń ṣẹlẹ̀,” ni wọ́n sọ.

Mo yáa kọjú sí fèrèsé. Ní téṣàn tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó sáré lọ tẹ fóònù sẹ́yìn pé kí wọ́n tọ́jú ìyá kan tó ní kọfí méjì lọ́wọ́.

Ọmọ àǹtí mi ti ń dúró dè wá nígbà tí a dé. A sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń bọ̀ nínú ọkọ̀ tó kàn. Bàbá mi ò jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú yẹn. Mo mọ̀ pé ọkàn wọn ò balẹ̀, torí wọn ò wo aago lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí ọkọ̀ náà dé, yàrá àwọn olówó nínú rẹ̀ ni àǹtí mi ti sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá téṣàn kóńkóló yẹn ti fún wọn ní àga, ó ti fún wọn ní àkàrà òyìnbó, ó sì ti gbé báàgì wọn wọ ọkọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Bọ̀dá mi, ẹ kú ìrìn.”

“Ṣé kò rẹ̀ ọ́?” bàbá mi bi wọ́n, ohùn wọn kéré.

“Kò rẹ̀ mí rárá. Kọfí yín ló tutù, mo dà á nù. Mo ti fi ṣúgà mẹ́rin sí i.”

Bàbá mi wolẹ̀. Àǹtí mi ò sọ nǹkankan nípa fèrè. Bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ fèrè náà ju èmi lọ. Òun ni bàbá mi fi ń jí wọn lọ sí ilé ìwé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọn ò tún ẹnikẹ́ni ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí lẹ́rù.

Bàbá ìyàwó gbà wá sílé wọn, níbi tí ọmọ àǹtí mi àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Oníbúrẹ́dì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọkùnrin títóbi kan tí ojú wọn pupa, tí ìyàwó tiwọn náà ti ṣaláìsí. Bàbá mi ṣí fìlà, wọ́n ní a wá dúpẹ́ ọmọ rere tí wọ́n fún wa, kí wọ́n dárí jì wá pé a pẹ́. Ọmọ àǹtí mi túmọ̀ rẹ̀. Bàbá ìyàwó wọ ilé ìdáná, wọ́n gbé búrẹ́dì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe jáde, wọ́n sì gé apá tó tóbi jù fún bàbá mi. Inú mi dùn sí i púpọ̀. Mo rò pé àlàáfíà ti dé.

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́fà àárọ̀, bàbá ìyàwó kan ilẹ̀kùn bàbá mi. Ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì nawọ́ sí igbó.

“Kí ló fẹ́?” bàbá mi bi àǹtí mi.

“Ẹ jọ máa rìn ni, Bọ̀dá mi. Àṣà ibí ni. Bí àna bá pè yín sí irú ìrìn yẹn, ó ti gbà yín mọ́ra nìyẹn. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ọmọ ló kọ̀.”

Kí ni bàbá mi fẹ́ wí? Wọ́n wọ bàtà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọmọ àǹtí mi yíjú sí mi, ẹnu yà á.

“Bàbá yìí ṣì lágbára o! Màmi ní kí n sọ fún bàbá ìyàwó mi pé Bàbá ò lè fi oúnjẹ kan ẹnu tí wọn ò bá tíì rin kìlómítà mẹ́wàá.”

Mo wo àǹtí mi. Wọ́n ń fi bọ́tà ra búrẹ́dì, wọ́n ń rọra ṣe é kó kan gbogbo etí rẹ̀.

“Ṣé o ní nǹkan tí o fẹ́ sọ ni?”

“Rárá o, mà.”

Ẹni tó bá há sáàárín àgbà méjì, kó yáa fi ẹnu rẹ̀ jẹun.

Lọ́jọ́ kìíní ìrìn náà, bàbá mi tiro wọlé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n di ògiri mú dé orí àga, wọ́n ní afẹ́fẹ́ igbó náà dára púpọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ohun tó yà mí lẹ́nu ṣẹlẹ̀: wọ́n wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọn ò tiro. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sórí tábìlì, mo sì mú un tẹ̀ lé wọn.

N kò rìn jìnnà. Lẹ́yìn kọ́rọ̀ kejì, ọ̀nà igbó náà gba orí ojú irin kọjá, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá dènà bí ọkọ̀ bá ń bọ̀. Bàbá méjèèjì jókòó sórí igi kan tí wọ́n ti gé lulẹ̀. Wọ́n ti bọ́ bàtà. Búrẹ́dì, wàràkàṣì àti ẹran gígùn oníyọ̀ wà láàárín wọn lórí aṣọ ìnuwọ́, ọ̀pá ìtilẹ̀ méjèèjì sì dùbúlẹ̀ nínú koríko. Bàbá mi ń fi aago han bàbá ìyàwó. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì. Wọ́n rí mi, wọ́n dákẹ́ bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún,” bàbá mi sọ, wọ́n tọ́ka sí ẹsẹ̀ bàbá ìyàwó, tó wú ní tòótọ́. “Ogójì ọdún ló fi dúró nídìí ààrò búrẹ́dì. Ó kórìíra ìrìn! Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fi ọ̀pá dènà, a jókòó, ọkọ̀ kọjá. Mo ń dúró kí ó dìde. Òun náà ń dúró kí n dìde. A wo ara wa.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, bàbá ìyàwó náà bú sẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Bàbá ìyàwó gé ẹran fún mi, èyí tó pọ̀, wọ́n sì fi ìka lé ètè. Mo gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ náà. Ó dùn.

Àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ. Ẹni tí wọ́n ń fi ìyà jẹ ń sanra. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n jáde sí pálọ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, wọ́n ti múra, bàtà Lọ́ńdọ̀nù onígìgísẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn.

“Èmi náà máa bá yín rìn lónìí.”

Bàbá méjèèjì wo ara wọn. Wọn ò lè jókòó sórí igi, torí wọn ò lè jẹ́ kí àǹtí mi mọ ibẹ̀. Wọn ò sì lè sọ pé àwọn ò rìn. Ni wọ́n bá rìn ín ní tòótọ́, kìlómítà mẹ́wàá gbáko. Bàbá mi ò lè bẹ̀bẹ̀ níwájú àbúrò wọn. Àǹtí mi ò lè bẹ̀bẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n wọn. Bàbá ìyàwó ò lè bẹ̀bẹ̀ níwájú àlejò. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó rí wọn lókèèrè. Bàtà àǹtí mi wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá mi fi èjìká ti bàbá ìyàwó, bàbá ìyàwó fi èjìká ti bàbá mi, kò sì hàn ẹni tó ń gbé ẹnì kejì.

Mo gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà mẹ́ta, mo da iyọ̀ sí i, mo tò wọ́n sí pálọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́fà wọlé sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

“Bọ̀dá mi,” àǹtí mi sọ níkẹyìn, “èmi ni mo sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ràn ìrìn.”

“Mo mọ̀. Ọmọ ẹ ló sọ fún mi.” Bàbá mi mi ẹsẹ̀ nínú omi. “Èmi ni mo fọn fèrè yẹn.”

“Ṣé ẹ rò pé n kò mọ̀? Ta ni kò mọ̀?” Àǹtí mi tẹ ẹsẹ̀ wọn wọlé sínú omi. “Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo kọ́kọ́ rò pé mo ti pẹ́ dé ilé ìwé.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín jẹ́jẹ́, ẹ̀rín ńlá tó mú kí omi dà sílẹ̀. Àǹtí mi ò ní kí wọ́n rọra. Bàbá ìyàwó béèrè lọ́wọ́ ọmọ àǹtí mi ohun tí wọ́n ń sọ, ó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fèrè àti ìrìn. Bàbá ìyàwó pariwo ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ àǹtí mi kọ̀ láti túmọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ó lọ gbé ọtí wá.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọn ò fi lè wọ bàtà. Èmi ni mo ń pààrọ̀ omi, èmi ni mo ń fi òróró pa ẹsẹ̀, mo sì ń gbọ́ bí Paris ṣe ń lọ, bí Rome ṣe ń lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn yóò fi san, ìsinmi mi ti tán. Bàbá mi wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé láti Frankfurt, nínú sálúbàtà bàbá ìyàwó tó tóbi jù fún wọn. Àǹtí mi tẹ̀ lé wọn dé ibi tí wọn ò ti lè lọ mọ́, wọ́n sì fa kọ́là kóòtù wọn tọ́.

“Bọ̀dá mi, ẹ má fi ṣúgà mẹ́rin mu tíì nínú ọkọ̀ òfuurufú o. Ẹ̀jẹ̀ ríru.”

“Mẹ́ta ńkọ́?”

“Mẹ́ta dára.”

Mo padà sí Houston nínú ooru tó ń fi omi wẹni. Ní ibi iṣẹ́, gbogbo wọn ń bi mí léèrè Paris, mo sì ń sọ fún wọn pé ó lẹ́wà, torí n kò ní agbára àlàyé. Nínú fíìmù mẹ́fà tí mo rà, ọ̀kan ṣoṣo ni mo lò. Mo lọ fọ̀ ọ́ ní mall, mo kó àwọn fọ́tò náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday kí àwọn obìnrin ìjọ lè wò wọ́n.

Pásítọ̀ wa gba fọ́tò kan lọ́wọ́ ẹnì kan, ó tẹjú mọ́ ọn. Àgbà dúdú méjì àti àgbà funfun kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹsẹ̀ wọn nínú bàsíà, ojú wọn kún fún omijé ẹ̀rín. Ọmọ àǹtí mi ló yà á, èmi náà wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, tówẹ̀lì lọ́wọ́ mi.

“Ará,” ó bi mí, “Jámánì nìyí?”

“Jámánì ni, sà.”

Ó mi orí títí. Nígbà tí ó gun orí pẹpẹ, ó sọ ìwàásù tó múra sílẹ̀ nù. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló fi sọ̀rọ̀ nípa ìwẹ̀sẹ̀: bí arábìnrin wa ṣe ná owó rẹ̀, tí kò lọ sí ibi afẹ́ ayé ní Yúróòpù, tó lọ kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà, tó wẹ ẹsẹ̀ dúdú àti funfun láìṣe ojúsàájú. Àwọn ènìyàn ń sunkún. Ìyá kan lẹ́yìn mi ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn.

Ọkọ mi, tí mo ti rò gbogbo rẹ̀ fún láti pápákọ̀ òfuurufú dé Cypress, tẹ orí ba, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ẹni tó jókòó tì í rò pé ẹ̀mí ló bà lé e, ó fi áńkáṣíìfù lé e lọ́wọ́.

“Sọ òtítọ́ fún wọn,” ó rọra sọ sí mi létí.

Pásítọ̀ ní kí gbogbo ìjọ dìde, kí wọ́n nawọ́ sí mi, kí wọ́n sì gbàdúrà fún mi. Mo dìde, mo pa ojú mi dé, mo sì fi ohùn rara ṣe àmín.